Irin Katakata Tí A Yàn fún Ojúde Bàbá Wa

Bàbá mi fúnra wọn ló yan ibi tí a óò sin wọ́n sí, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi yàn án. Nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ náà ní Ìgàndó, igbó ló yí gbogbo ibẹ̀ ká, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá kọ́ ilé, wọ́n mọ ògiri yí i ká, síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí a sin àwọn sí àárín ilé àti gèètì, kó jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé tó ní òun wá gba ilẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ilẹ̀ tí òkú onílé wà nínú rẹ̀, ta ni yóò rà á? Báyìí ni bàbá mi ṣe fi ara wọn ṣe ọlọ́dẹ. A mọ búlọ́ọ̀kù lé sàréè náà lórí dé orúnkún, a lẹ táìlì funfun mọ́ ọn, a sì gbé òkúta tí a kọ orúkọ wọn sí síbi orí. Kò sí ọmọ onílẹ̀ tó tún yọjú. Omi ló yọjú.

Nígbà ayé Bàbá, àgbàlá wa àti ọ̀nà iwájú ilé jọ dọ́gba ni. Lẹ́yìn ikú wọn ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀ pupa sójú ọ̀nà lọ́dọọdún, ọ̀nà ń ga sí i, àwa sì wà nísàlẹ̀ níbi tí a wà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo omi àdúgbò ti ń ṣèpàdé. Tó bá ti wọlé, kò mọ ọ̀nà àtijáde mọ́, nítorí ògiri tí Bàbá fi lé àwọn èèyàn sẹ́yìn ti há omi mọ́ inú. Láàárọ̀, màá di bàtà mi sínú ọ̀rá, màá ká yẹ̀rì sókè, màá máa fò lórí àwọn búlọ́ọ̀kù tí a tò sínú omi, láti ọ̀kan sí èkejì títí dé gèètì, màá sì fọ ẹsẹ̀ lójú títì kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n rò pé onífáàrí ni mí, nítorí bàtà mi kì í dọ̀tí.

Màmá mi kò lè gun búlọ́ọ̀kù. Orúnkún ń dùn wọ́n. Obìnrin tó ti fi ẹsẹ̀ kiri aṣọ láti Ìkọ̀tún dé Agége, tí kò sí ojúlé tí kò mọ̀ wọ́n, òjò sọ wọ́n di ẹni tó ń jókòó. Wọ́n gbé àga onígi wọn sẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, wọ́n ń wo ìta. Fèrèsé náà dojú kọ sàréè, ẹ̀yìn sàréè ni gèètì wà. Àwọn obìnrin ìjọ máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbàdúrà, wọ́n á ṣe àmín níbẹ̀, wọ́n á sì máa lọ, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìró òun tutù. Gbogbo ẹni tó bá rí Màmá lójú fèrèsé ló ń sọ pé ẹ wo ìfẹ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wo ọkọ wọn. Àwa ọmọ náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí, n kò sì tíì lọ́kọ. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ mi, iṣẹ́ gbé e lọ sí Kàdúná, ó ní kí n máa bọ̀. Mo sọ fún un pé Màmá kò lè fi sàréè sílẹ̀, èmi náà kò sì lè fi Màmá sílẹ̀ sínú omi. Bí ọdún ṣe ń yí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ, ó sì ti ń sú èmi tí mò ń sọ ọ́. Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀: kí ilẹ̀ gbẹ, kí Màmá lè máa jáde fúnra wọn, kí èmi náà lè lọ. Inú ń bí mi sí òjò, ó ń bí mi sí ọ̀nà. Lọ́jọ́ mìíràn, kí Ọlọ́run má bínú, ó ń bí mi sí bàbá mi tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ tiwọn.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ló gbọ́ pé ọkùnrin kan wà lọ́nà Ìjẹ̀gùn tó ní katakata, tó ń túlẹ̀ fún àwọn olóko, tó sì máa ń tún ojúde ilé ṣe. A lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé kan. Àwọn irin tó máa ń so mọ́ katakata náà wà nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, koríko ti hù láàárín wọn. Ó ní ẹ̀yìn katakata kì í gba ju irin kan lọ lẹ́ẹ̀kan, pé kí a yan èyí tó wù wá, kí òun má baà máa sáré lọ sáré bọ̀.

Plọ́ọ̀, irin ìtúlẹ̀, ni àbúrò mi kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí ó tóbi, ó sì ní àwo irin ràgàjì-ràgàjì. Awakọ̀ náà ní bí òun bá gbé ìyẹn wọ ilé wa, kí a yáa ti ra èbù iṣu sílẹ̀. Ó wá fi bíléèdì hàn wá, irin pẹlẹbẹ kan tó gùn ju ibùsùn ẹni méjì lọ. Ó ní yóò máa ha ilẹ̀ lọ, yóò máa kó ibi tó ga lọ dí ibi tó jìn, títí gbogbo àgbàlá yóò fi dagẹ̀rẹ̀ síbi tí a bá fẹ́ kí omi gbà. Òun ló lè kápá omi wa, ṣùgbọ́n láti ìdí ilé dé gèètì ló gbọ́dọ̀ lọ, tààrà, kì í yà fún nǹkan kan. Èyí tó kù ni rííjà, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní apá méjì, èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, poro kan ṣoṣo ló ń là, ó sì ṣeé yí.

Ó béèrè bóyá nǹkan wà láàárín ilé àti gèètì wa. Èmi àti àbúrò mi wo ara wa.

"Bàbá wa ni," àbúrò mi dáhùn.

Awakọ̀ ní kò burú, a óò bẹ Bàbá kí wọ́n gbé àga wọn kúrò fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó ṣí fìlà lórí.

Rííjà ni a yàn. Kì í ṣe pé a kò mọ èyí tó dáa jù, ohun tí bíléèdì ń béèrè ni kò ṣeé sọ lẹ́nu. Ta ni yóò lọ dúró níwájú opó tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo sàréè ọkọ rẹ̀, tí yóò ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká wó o? Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwa kò béèrè.

Poro náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé, ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó yà fún wọn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé, ó sì jáde lábẹ́ ògiri, níbi tí a ti lu ihò sínú gọ́tà tó jìn lẹ́bàá ọ̀nà. Àbúrò mi ń yọ̀. Màmá wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n kàn béèrè pé ṣé ibi tó parí sí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa.

Òjò tó tẹ̀lé e kò dá wa sí. Omi sáré dé ibi tí poro ti yà, ó da gbogbo yanrìn rẹ̀ síbẹ̀, ó sì jókòó. Etí poro wó, ó gbé búlọ́ọ̀kù tí a tò lọ. Tẹ́lẹ̀, omi nìkan ni a ní, nísinsìnyí a ní omi, a tún ní kòtò lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kò rí. Mo já sínú rẹ̀ dé itan lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀, bí omi bá fà díẹ̀, mo máa ń di Màmá lọ́wọ́ mú dé gèètì. Láti ìgbà náà, wọn kò jáde mọ́ rárá. Bí mo bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì kọjú sí fèrèsé. Mo sunkún nínú ilé ìdáná, kì í ṣe nítorí wọn, nítorí ara mi ni. Mo rí i pé ibẹ̀ ni n óò darúgbó sí, pẹ̀lú bàtà nínú ọ̀rá.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a tún pe awakọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi fẹ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ iwájú katakata, kó máa fi bu yanrìn wọlé títí àgbàlá yóò fi ga bí ọ̀nà. Awakọ̀ ní bí yanrìn bá fi ga tó bẹ́ẹ̀, a óò máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó lè wọ pálọ̀. A ń jiyàn lábẹ́lẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí Màmá dá sí i.

"Dírẹ́bà, nínú àwọn irin yín, èwo ló máa ń lọ tààrà?"

"Bíléèdì ni, Màmá."

"Òun ni kí ẹ lọ gbé wá."

Àbúrò mi sún mọ́ wọn. Ó rọra sọ pé, "Màmá, Dádì wà lọ́nà o."

"Mo mọ ibi tí wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, kò sí irin tó máa débẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti táìlì lẹ fi dí mi lọ́nà."

Mo ní ṣebí Màmá fúnra wọn ló ń jókòó wo Bàbá láàárọ̀ lálẹ́.

"Ta ní ń wò wọ́n?" Màmá wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Gèètì ni mò ń wò. Ẹ̀yin lẹ mọ sàréè ga sáàárín èmi àti gèètì. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ni mo ṣe dákẹ́."

Awakọ̀ náà kọjú sí katakata rẹ̀, ó ń nu ibi tí kò dọ̀tí.

A kò jẹ́ kí bíléèdì wó o. Àbúrò mi ló fi òòlù tú búlọ́ọ̀kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, ó ń lu. A gbé òkúta tí orúkọ Bàbá wà lára rẹ̀ fi ti ògiri lẹ́bàá gèètì, níbi tí ọmọ onílẹ̀ yòówù tó bá wọlé ṣì ti lè kà á. Lẹ́yìn náà ni bíléèdì lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́ sí ọ̀nà gọ́tà. Nígbà tí òjò padà dé, omi wọlé, ó wò yíká, ó sì jáde bí àlejò tó gbọ́ pé ọbẹ̀ ti tán. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú.

Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi di ẹrù. Wọ́n ní Ìbàdàn ni àwọn ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò àwọn tó jẹ́ obìnrin, pé aṣọ títà ń lọ dáadáa níbẹ̀. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà, wọ́n ní àwọn kò tíì lọ ná. Mo gbé àpótí wọn dé gèètì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé.

"Bàbá yín ń ṣọ́ ọ," ni wọ́n wí.

Ọkọ̀ dúró, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn.

"Àga mi wà lẹ́bàá fèrèsé," wọ́n ní. "Má jókòó sí i."

Mo padà wọlé. Ojúde náà tẹ́ lọ gbansasa, kò sí omi, kò sí sàréè, kò sí Màmá, kò sí ohun tí mo tún lè sọ fún ará Kàdúná. Ó rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì ti jókòó sórí àga náà kí n tó rántí. Láti ibẹ̀, gèètì kò jìnnà rárá.

Mo dìde.