Ìwé Ìjọ Tí Mo Gbé Lọ Bá Bọ̀ọ̀dá Dìran ní Houston

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo fi kúrò nílé ní Ìpetumodù. Akọ̀wé ìjọ wa, Alàgbà Ọláníyan, ti dé ẹnu ọ̀nà mi ṣáájú awakọ̀ pàápàá. Wọ́n fún mi ní àpò ìwé kan, wọ́n ní inú ẹrù ọwọ́ ni kí n fi sí. Ìwé ojú kan ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adédìran, kò forí balẹ̀ fún òrìṣà àwọn ará Íńdíà rí, àti pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó ti ronú pìwà dà. Bí Bọ̀ọ̀dá Dìran bá fọwọ́ sí i, ìjọ yóò jẹ́ ká sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àti ìyá wa nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ká wá ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì kú o. Houston, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, àrùn jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ wọn, àwọn dókítà sì ti sọ pé kò sí oògùn mọ́.

Súlè ni awakọ̀ tó gbé mi lọ sí Èkó ń jẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ má padà wá o. Ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbádùn." Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń kú lọ ni mò ń lọ wò. Kí a tó kọjá Ìbàdàn, ó ti dùn mí pé mo dáhùn bẹ́ẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú, wákàtí mẹ́ta ni mo fi tò. A balẹ̀ ní Jẹ́mánì láti pààrọ̀ ọkọ̀. Ike omi kékeré kan níbẹ̀, yúrò mẹ́rin. Mo gbé e, mo wò ó yípo, mo dá a padà sórí àtẹ, mo sì lọ mu omi ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Láti ibẹ̀, ó tún tó wákàtí mọ́kànlá lójú òfuurufú, èmi tí mi ò lè sùn níbi tí mi ò bá ti lè na ẹsẹ̀.

Mo ti rò pé òtútù ni gbogbo Amẹ́ríkà. Ooru Houston gbá mi lójú lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, ooru tó lọ́rinrin, irú èyí tí a máa ń ní nílé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Mojísọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, ló wá pàdé mi. Nọ́ọ̀sì ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Mo ń dúró kó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Uncle. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Báwo ni Dádì?"

"Wọn ò dáa, Uncle. Àwọn hospice ti ń wá sí apartment since last week."

Ó ṣàlàyé fún mi pé hospice ni àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í gbìyànjú láti wo àìsàn sàn mọ́, ìrora nìkan ni wọ́n ń bá aláìsàn dín kù. Orí freeway ló ti sọ ọ́. Freeway ni ọ̀nà ńlá wọn, ọkọ̀ márùn-ún ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, márùn-ún ń bọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó ń fẹsẹ̀ rìn, mi ò rí ẹni tó ń ta nǹkan kan. Ilé ńlá ni Mojí ní ní Richmond, ìlú kan lẹ́yìn Houston, ó sì ti bẹ bàbá rẹ̀ títí kí wọ́n wá máa gbé ibẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọn kò ní rí ààyè níbẹ̀.

Apartment wọn wà ní Brays Oaks, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Nígbà tí mo wọlé, kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ènìyàn. Wọ́n tò wọ́n sínú páálí bàtà láti ilẹ̀ dé ibi fèrèsé, orúkọ obìnrin kan sì wà lára páálí kọ̀ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá Dìran dùbúlẹ̀ sáàárín wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì tètè dìde, nítorí omi ti dé ojú mi.

"Dìde jàre," wọ́n ní. "Kápẹ́ẹ̀tì yẹn dọ̀tí."

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe láyé, torí nílé, òfófó nìkan la mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá wa ni olùkọ́ ìjọ, wọ́n sì retí pé Bọ̀ọ̀dá Dìran ni yóò di àlùfáà. Ẹ̀gbọ́n mi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Íńdíà láti kọ́ nípa ẹ̀sìn ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Vrindavan, ìlú kan lẹ́bàá odò, níbi tí àwọn opó tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀ máa ń jókòó láti òwúrọ̀ kọrin ìyìn sí Krishna, òrìṣà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ́ràn. Bhajan ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, ohùn àwọn ìyá yẹn ló sì wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kọ orin kankan sínú ìwé títí wọn yóò fi lè kọ ọ́ lẹ́nu ara wọn lójú ìyá tó kọ́ wọn, tí ìyá náà kò ní rí ohun tí yóò tún ṣe. Ó lè gba oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó kọ orin kan sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ìwé mẹ́rin, báyìí náà ni wọ́n ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Houston, tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ Íńdíà fúnra wọn ní orin àwọn ìyá ìyá wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, Meera, ọmọ Íńdíà tí òun náà ti di olùkọ́, ń wá lọ́sàn-án lọ́sàn-án. Bó bá ti wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi bù máṣọ. Lọ́jọ́ kejì mo bi ara mi pé kí ló yàtọ̀ sí èyí tí èmi fúnra mi ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Nílé, ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di òrìṣà.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo mú ìwé ìjọ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè awò ojú wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì mú pẹ́ńsù, wọ́n tún gbólóhùn kan ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, kí ni kí n wí?

"Òótọ́ ni," wọ́n ní. "Mi ò forí balẹ̀ fún un rí. Kì í ṣe pé kò wù mí. Mo jókòó ti àwọn ìyá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rí bó ṣe ń tù wọ́n nínú, mi ò kàn rí i gbà gbọ́. Jésù tí Bàbá fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣì ń pè títí di àárọ̀ yìí."

Inú mi dùn jọjọ. Mo na bírò sí wọn. "Ẹ fọwọ́ sí i, Bọ̀ọ̀dá. Ó parí nìyẹn."

"Rárá. Àwọn obìnrin yẹn pín oúnjẹ pẹ̀lú mi nígbà tí mi ò lẹ́nì kan. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbin ni wọ́n, pé mò ń fọ̀ wọ́n kúrò lára. Àwọn tó kọ ọ́ kò bi mí léèrè, wọ́n ní kí n jẹ́jọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo bínú. Mo ní ṣé torí opó Íńdíà ni wọ́n ṣe fẹ́ sùn jìnnà sí ìyá tó bí wọn? Wọ́n di ojú wọn.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Mojí gbé mi lọ sí Stafford láti ra iṣu. Odidi ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ènìyàn wa ní níbẹ̀, ó kún fún gààrí, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ. Iṣu kan ṣoṣo, tí kò tó apá mi, dọ́là mẹ́tàlélógún. Bí a ṣe ń padà, Mojí ní, "Uncle, can I ask you something? Ta ló sọ fún Grandpa nígbà yẹn pé Dádì ń bọ òrìṣà? Dádì máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn all the time. Wọ́n ní somebody lied on them."

Mo ní mi ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi nígbà mẹ́rin tí wọ́n bi mí léèrè, láti ogójì ọdún sẹ́yìn.

Èmi ni. Láti Vrindavan, Bọ̀ọ̀dá Dìran fi kásẹ́ẹ̀tì kan àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Inú wọn ń dùn pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá tó ń kọ́ wọn kò rí àṣìṣe kankan nínú orin wọn. Èmi náà yangàn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn àgbà ìjọ ń jẹun ní pálọ̀ wa, mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ní, "Ẹ gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Dìran." Ẹnì kan bèèrè ìtumọ̀ orin náà, mo ṣí lẹ́tà, mo kà á sókè: "Olúwa mi aláwọ̀ dúdú, ọjọ́ ń lọ, ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ ni mo jókòó sí." Mi ò sọ pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn ni, pé kì í ṣe ìjọsìn. Mo gbàgbé láti sọ ọ́, nígbà tí mo sì rántí, Bàbá ti dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà Bàbá ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú àdúrà mọ́. Gbogbo lẹ́tà tí Bọ̀ọ̀dá Dìran kọ sí wọn ni wọ́n dá padà. Nígbà tí Màámi kú, Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n mi má wá. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́, ẹ̀rù Bàbá ń bà mí, nígbà tí Bàbá sì kú, ojú wá ń tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀, ẹni tí ọjọ́ wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ mọ́. Bí Mojí ṣe ń wò mí, mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti di wúyẹ́wúyẹ́.

"Màámi ńkọ́? Ṣé Màámi gbọ́ ọ?"

"Wọ́n gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n dúró sí."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Ohùn ọmọ mi nìyẹn.' Wọ́n ti ń mi orí sí i kí Bàbá tó dìde."

Bọ̀ọ̀dá Dìran sunkún, ẹkún tí kò lómi nínú mọ́. Mo dúró kí wọ́n sọ pé àwọn dárí jì mí. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi, mo rẹ òwú sínú omi, mo fi kan ètè wọn, wọ́n sì sùn. Wọn ò jí sí wa mọ́. Ọjọ́ kejì, kí Meera tó dé lọ́sàn-án, wọ́n kú.

Itẹ́ òkú kan lọ́nà Richmond ni a sin wọ́n sí, ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ló gbẹ́ ilẹ̀, òkúta ibojì níbẹ̀ sì tẹ́jú mọ́ koríko kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè kọjá lórí rẹ̀. Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà àti ẹnjiníà ọmọ ilé wa tí wọ́n mọ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Èmi ni mo ka àdúrà ìsìnkú. Lẹ́yìn rẹ̀ Meera kọrin, mi ò gbọ́ èdè náà, mo ṣí fìlà mi, mo sì dúró títí ó fi parí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ìpetumodù. N kò tíì tú bàtà tí Alàgbà Ọláníyan fi dé.

"Ṣé ó fọwọ́ sí i?"

Mo ní wọn ò fọwọ́ sí i. Mo sọ ohun tí wọ́n wí, mo sọ ti kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé iṣẹ́ ni, pé èmi ni mo ba orúkọ wọn jẹ́. Alàgbà mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu èmi nìkan nìyẹn, ìjọ kò lè fi ṣe nǹkan. Wọ́n ní ó dára náà, àríyànjiyàn ti tán, kò sí ẹlòmíràn tó tún lè bèèrè ààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá àti Màámi.

"Ìwọ ni ọmọ tó kù," wọ́n ní. "Ìwọ la ó fi síbẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nílé, mo ti fi ẹsẹ̀ mi dé ibi tó jìnnà, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ ni pé òtítọ́ tí mo gbé pamọ́ fún ogójì ọdún kò wúlò fún ẹni tó ni ín mọ́ nígbà tí mo gbé e dé. Mo sọ fún Alàgbà pé kí wọ́n fi ààyè yẹn fún ẹlòmíràn. Ẹni tó yẹ kó sùn síbẹ̀ ti wà lábẹ́ koríko ní Houston, èmi ni mo sì lé e débẹ̀.