Hervé, Owó-orí àti Oko Kpankou

Wọ́n ní Hervé tó ń jó irin ní Idigny ti gba ẹ̀yìn oko sá lọ sí Nàìjíríà, pé àwọn agbowó-orí ń wá a. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó wá a. Òun fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù lọ bá wọn ní Kétou. Ìyẹn gan-an ló ya èèyàn lẹ́nu, àbí ta ló ń lọ kí agbowó-orí nílé?

Ọ̀rọ̀ oko ló fà á. Oko kan wà ní Kpankou tí bàbá rẹ̀ tà nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Fọláyan tó rà á ti darúgbó, ó fẹ́ tà á. Ó ní, "Hervé, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi lọ̀. Àmọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá a lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá mówó wá ló ni ín."

Láti ọjọ́ náà ni Hervé ò ti lè jókòó. Bó ń jẹun, á dìde. Bó ń jó irin, á gbójú sókè wo ọ̀run. Chérifatou ìyàwó rẹ̀ ní, "Àbí ìjàlọ wà lórí àga yẹn ni?"

Owó wà o, àmọ́ inú fóònù ló wà. Nínú àká àgbàdo bàbá rẹ̀, Hervé to àwọn ẹ̀rọ kan tó ń kùn bí oyin síbẹ̀, wọ́n ń wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kripto. Ooru wọn pọ̀ débi pé àwọn obìnrin àdúgbò ń sá ata sẹ́nu fèrèsé ibẹ̀. Apá kan nínú owó yẹn, ó tì í pa sójú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè máa bí sí i. Bí ewúrẹ́ tí a fún aládùúgbò sìn ló ṣe rí: ìyá ṣì jẹ́ tẹni, ọmọ ń wá.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí: bó bá kó owó ńlá jáde, tí wọ́n bi í nídìí ìwé ilẹ̀ pé níbo ló ti rí i, ńkọ́? Wọ́n lè gba oko náà. Oko bàbá rẹ̀ á wá sọnù lẹ́ẹ̀mejì.

Màdáàmù Huguette, ọmọ Pobè, ló bá ní bírò owó-orí ní Kétou.

"Ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

"Kò sẹ́ni, Màdáàmù. Ara mi ni ò balẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí jígí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nígbà tí Hervé ṣàlàyé kripto rẹ̀ tán, Màdáàmù ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ nǹkan yìí nínú òfin, àmọ́ lójú tòun, èyí tí ẹ̀rọ wà jáde dà bí ìkórè: iye tó tó lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ ni wọ́n máa kà, wọ́n á wá yọ owó iná àti ti ẹ̀rọ kúrò. Ìyẹn yé Hervé. Ó wá kan èyí tó fi sìn.

"Ìyẹn ò sí níbẹ̀, Màdáàmù. Mi ò tíì lọ mú wọn. Ọmọ ewúrẹ́ tó ṣì wà lágbàlá ẹlòmíì, a kì í kà á. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ní bírò yìí, à ń kà á o! Ta ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ mú wọn?"

"Kò sẹ́ni."

"Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú wọn nísinsìnyí ńkọ́?"

"Màá kàn fìka tẹ fóònù ni."

"Ọmọ yín ni wọ́n, bàbá ọlọ́mọ."

Hervé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìgbà tí kripto wọ́n gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn dé, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ báyìí.

"Èyí tó ti rù ńkọ́, Màdáàmù?"

"Bó ṣe sanra lọ́jọ́ tó dé la máa kà. Bẹ́ ẹ bá tà á lọ́pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àdánù ìyẹn." Ó ní kó lọ sinmi ná, kóun bi àwọn ọ̀gá òun.

Kí ló ń jẹ́ ìsinmi? Bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́, Hervé á sáré síta. Àrá sán lápá Adakplamè lọ́jọ́ kan, ó pa oúnjẹ tì. Nígbà tí èsì dé, bí Màdáàmù ṣe wí náà ni. Ó ta kripto, àfi díẹ̀ tó fi sílẹ̀ kó máa bí, ó san owó-orí, owó tó kù ò sì ra ju ìdajì oko lọ. Fọláyan gbin pèrègún sí ààlà. Kò pẹ́, òjò dé, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì mówó ìdajì kejì wá.

Ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ Hervé ni mo ti ń ta ẹ̀kọ. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀. Ó ní:

"Ó balẹ̀, Ìyá Reine. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó lè lé mi níbẹ̀. Àmọ́ ìdajì yòókù ṣì ń wò mí. Ọwọ́ mi dọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ fóònù yẹn wò, bóyá ewúrẹ́ ti bímọ lónìí."