Nínú Yàrá Abẹ́ Ilé Aládùúgbò Wa

Lọ́jọ́ tí fèrè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀ dún ní ìlú kékeré tí mo ti dàgbà, màmá mi ní, "Wọ́n tún ń dán an wò ni. Ẹ máa jẹun yín." Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń fun ún lágogo méjìlá ọ̀sán, etí wa sì ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti rọ̀, ojú ọ̀run sì ti di àwọ̀ ewé.

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Rosenberg tí mo ń gbé báyìí, mo gbọ́ òórùn kábéèjì kíkan. Òórùn yàrá abẹ́ ilé ìyá arúgbó tó múlé tì wá nìyẹn. Àwọn ará Jámánì ló tẹ ìlú tí mo ti dàgbà dó, ìran wọn ni ìyá náà, ó sì máa ń fi iyọ̀ sọ kábéèjì di kíkan nínú ìkòkò bíi ti ìyá rẹ̀.

Òun ló sáré wọlé wa lọ́jọ́ ìjì náà. "Wọn ò dán an wò o. Ẹ dìde."

"Mọ́mì, ọbẹ̀ mi wà lórí iná," ni màmá mi wí.

"Jẹ́ kó jó."

Nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, màmá mi ń gbàdúrà, èmi sì dìmọ́ ìkòkò kan. Ìyá náà ń gun àtẹ̀gùn lọ wo ìta ṣáá. Mo rò pé òjò ló ń wò. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà lóko, àti pé àwa ló kọ́kọ́ wá wá.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, a gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Bàbá arúgbó náà ni, ẹrẹ̀ bò ó títí dé irun. Ìyàwó rẹ̀ fi èdè Jámánì bú u títí, ó sì di apá aṣọ rẹ̀ mú pinpin.