Ẹni Tó Ní Oògùn Ti Tó

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Mi ò mutí, mi ò sì sùn lójú iṣẹ́. Ojú mi méjèèjì ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, oòrùn sì ti yọ.

Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, àmọ́ oko ńlá kan lẹ́yìn Ọ̀kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàálù kékeré ni wọ́n fi ń fín oògùn kòkòrò sí àgbàdo níbẹ̀. Èmi ni mò ń po oògùn náà, tí mo ń rọ ọ́ sínú táǹkì bàálù. Ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra kúrú, òkè àpáta ló sì kọjú sí. Nítorí náà, ààbọ̀ táǹkì la máa ń rọ, kí bàálù má bàa wúwo jù. A kì í pa ẹ́ńjìnnì, etí kì í gbọ́ nǹkan kan, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bí Bọ̀dá Dáyọ̀ tó ń wa bàálù bá ti na ọwọ́ sókè, mo mọ̀ pé ó tó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, máníjà ní ààbọ̀ ń fi àkókò òun ṣòfò. Ó gba rọ́bà tí mo fi ń rọ oògùn lọ́wọ́ mi, ó rọ táǹkì kún. Bọ̀dá Dáyọ̀ nawọ́ títí. Máníjà ní kó gbéra tàbí kó gbélé ẹ̀. Bàálù sáré, ó gbéra díẹ̀, kò lè ròkè. Igi kan lẹ́sẹ̀ àpáta ló kọ lù, Bọ̀dá Dáyọ̀ sì kú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ikú yẹn nìkan kọ́ ló kó mi nírìíra. A ò tíì gbé òkú jáde tí àwọn èèyàn ti gbé kẹ́ẹ̀gì àti abọ́ dé, tí wọ́n ń bu oògùn tó dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fín in sí ẹ̀wà. Ìyá kan tiẹ̀ ní kí n yẹra fóun. Máníjà dé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé oògùn ṣì kù nínú ẹ̀?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé bàálù mìíràn dé, pẹ̀lú Ṣẹ́gun tó máa wà á, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Máníjà ní kí n rọ táǹkì kún. Ó dúró tì mí, ó ń jẹ bọ́ọ̀lì, ó ń lá ìka.

Táǹkì dé ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ létí mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó tó."

Mo wẹ̀yìn. Bọ̀dá Dáyọ̀ ni. Oògùn ń kán tó tó tó ní àgbọ̀n ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wà lókè.

Mo pa ẹ̀rọ tó ń fa oògùn. Ṣẹ́gun náà pa ẹ́ńjìnnì, ó yọrí síta, ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn yín yẹn?"

Mo ní, "Sọ̀kalẹ̀, kó o máa lọ bá ìyàwó ẹ."

Ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tá a tún fi máa wo ibẹ̀, kò sẹ́nì kankan, ilẹ̀ nìkan ló tutù. Máníjà ní òun ò rí nǹkan kan, pé ọ̀lẹ ni wá. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Máníjà ti rí ẹlòmíràn tó máa wa bàálù náà. Ọkùnrin yẹn pè mí lánàá, ó fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní máníjà ti sọ fún òun pé orí mi dàrú.

Ẹni tí ọmọ ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ bá ń wa irú bàálù bẹ́ẹ̀, tó sọ pé Ọ̀kà lòun ń lọ, kó dì í mú. Láàárọ̀ ọ̀la ló máa gbéra.