Àwòrán Fúnkẹ́ Tí Mo Tún Yà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nídìí àwòrán kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Fúnkẹ́, àmọ́ kékeré ló ti kú, kí wọ́n tó bí mi rárá. Àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ló pa á. Òjò ti ba gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́ nílé wa ní Alábàtà. Àwòrán kan ṣoṣo tí Bàámi fọwọ́ ara wọn yà, kí àwọn náà tó kú, ló ṣẹ́ kù.

Lọ́dún yìí ni ikán wọ inú férémù. Màámi bú sẹ́kún! Wọ́n ní kí n tún un yà kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Èmi tí mi ò mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú?

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Láṣún nìyẹn, ayàwòrán kan l'Ábẹ́òkúta. Mo ya ti àkọ́kọ́: ojú, imú, ẹnu, gbogbo ẹ̀ pé. Ọ̀gá wò ó, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọmọlangidi ni mo yà, mi ò ya èèyàn.

"Fi ojú sílẹ̀ ná," ni wọ́n wí. "Wo èjìká. Wo ọwọ́ rẹ̀."

Mo wo èyí tí Bàámi yà. Àṣé èjìká kan ga ju èkejì lọ! Àṣé ọwọ́ tí mo rò pé ó kàn gbé lé àga, ńṣe ló di àga náà mú pinpin! Ẹ̀rín tí mo ti ń rí lójú rẹ̀ láti kékeré ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀rín, ẹ̀yin èèyàn mi. Ńṣe ló payín keke.

Mo tún àwọn ìka yẹn yà bí wọ́n ṣe le tó.

Mo gbé e délé, mo bi Màámi bóyá ara ń ro Fúnkẹ́ lọ́jọ́ tí Bàámi ń yà á.

"Egungun ń dùn ún látàárọ̀," ni wọ́n wí. "Bàbá yín ní kó fara dà á, pé tó bá lọ, kí la ó máa wò? Ó sì jókòó títí wọ́n fi yà á tán. Kò tún jókòó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

Mo ní ṣé kí n tún ọwọ́ náà yà kó rọ̀ díẹ̀? Màámi ní rárá. Wọ́n fọwọ́ pa ìka tí mo yà lára, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ yí wọn lọ́wọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí fún un. "Pẹ̀lẹ́."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn lè máa wo ìrora lójoojúmọ́ ayé, kó máa pè é lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló wà lára ògiri yín tí ẹ ò tíì wò dáadáa? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á.