Iwe Adìyẹ Inú Àwo Màmá

Olúrẹ̀mí fẹ́ràn kó pàṣẹ, àmọ́ kò rí ẹni pàṣẹ fún. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ní Ìkìrun, àwọn tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kì í sì í kà á sí tó bó ṣe fẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí Felicia, ìyàwó rẹ̀, gbé ọmọ ajá kan bọ̀ láti ilé wọn ní Inísà, inú Olúrẹ̀mí dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀. Bíńgò ni wọ́n sọ ajá náà. Olúrẹ̀mí jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́, ó ní ajá tí kò bá mọ ọ̀gá ilé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ọ̀gá. Bó ṣe gbé òfin kalẹ̀ nìyẹn. Ajá kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun kí àwọn onílé tó jẹ tán. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fún un ní nǹkan jẹ àfi òun Olúrẹ̀mí. Tóun bá ti ní "Dúró!", kó dúró gbagidi síbi tó bá wà.

Ká sòótọ́, Bíńgò gbọ́ràn níbẹ̀rẹ̀. Olúrẹ̀mí tiẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ọ̀sìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ la ẹnu ajá, ó yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní eyín yìí á lé olè dé Ìbà.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ dé láti Òkukù ni nǹkan yí padà. Àdùkẹ́ lorúkọ wọn. Wọ́n ti ń dá gbé látìgbà tí bàbá ti kú, àìsàn wá dá wọn gúnlẹ̀, Olúrẹ̀mí sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Kò fi oúnjẹ du ìyá rẹ̀ o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n sì se adìyẹ, inú àwo Màmá ni iwe rẹ̀ ń bọ́ sí. Ta ni kò mọ̀ pé àgbà ilé ló ni iwe? Olúrẹ̀mí a fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sí i, a ní, "Màmá, ẹ̀tọ́ yín rèé." Màmá a wúre fún un, wọn a gbé àwo wọn, wọn a ní atẹ́gùn ẹ̀yìnkùlé ló wu àwọn, wọn a sì jáde.

Kò pẹ́ tí Bíńgò fi ya pòkíì. Bí Olúrẹ̀mí bá pè é, Màmá ni yóò kọ́kọ́ wò. Pálọ̀ tí wọ́n ní kó má wọ̀, ibẹ̀ ló ń sùn sí, nídìí ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Olúrẹ̀mí nà án títí, kò gbọ́. Ó dùn ún gan-an. Bí ajá tí ẹni ń bọ́ kò bá ka ẹni sí, ta ló kù?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Alàgbà Fábíyìí láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá bá wọn jẹun. Olúrẹ̀mí ti fi ajá rẹ̀ yangàn fún bàbá yìí tipẹ́. Wọ́n jẹun tán, ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó pe Bíńgò. Ajá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó wà lẹ́sẹ̀ Màmá, ó ń rún nǹkan. Olúrẹ̀mí sún mọ́ ọn. Iwe ni, iwe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bù.

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun, ajá ni olórí ilé, ṣebí òun ló ń jẹ iwe. Ẹ̀rín yẹn wọ Olúrẹ̀mí lára. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀ lójú àlejò.

"Màmá, mò ń fi iwe bu ọlá fún yín, ẹ̀ ń fi í bọ́ ajá. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀lé òfin ilé mi, kó wá ibòmíì gbé."

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Alàgbà wá fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ. Màmá jẹ́ kó jáde tán. Wọ́n wá pe ọmọ wọn sún mọ́ tòsí.

"Olúrẹ̀mí, wò mí lẹ́nu."

Wọ́n la ẹnu. Eyín tó kù níwájú ò ju bíi mélòó kan lọ, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń mì. Ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan.

"Ó ti pẹ́ tí mi ò ti lè jẹ ẹran. Bí mo bá dá iwe padà, wàá ní mo kọ ọlá rẹ. Bí mo bá jù ú nù, ìyàwó rẹ á rí i, ojú á tì mí. Ajá yẹn ló ń bá mi bo àṣírí."

Ojú ti Olúrẹ̀mí, ìtìjú tí kò jẹ́ kó mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ó ti la ẹnu ajá, ó ti ka eyín ajá. Ẹnu ìyá rẹ̀ tó ń bá a rún iṣu kó tó léyín, kò wò ó rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá ní kó dìde, àwọn ti dárí jì í.

Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù wọn. Wọ́n ní inú ò bí àwọn, ilé àwọn ní Òkukù ló ń wu àwọn. Felicia bẹ̀ wọ́n pé òun á máa lọ ẹran fún wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣáà ń dirù. Olúrẹ̀mí gbé àpò wọn lọ sínú mọ́tò, ó padà wá mú wọn. Bí Màmá ti ń jáde bọ̀, Bíńgò dìde, ó sáré tẹ̀ lé wọn, ó ṣíwájú wọn bọ́ síta. Olúrẹ̀mí bẹ̀rù kí ọ̀kadà tó ń kọjá má gbá a, ó sì kígbe:

"Dúró!"

Ajá dúró gbagidi. Màmá náà dúró, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé. Wọ́n rọra yíjú wo ọmọ wọn.

"Ṣé mo tún ti ṣe nǹkan ni?"