Ẹ̀kán Irin Olómi

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni Abẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń nà án síbẹ̀.

Wọn kì í pè é lórúkọ mọ́. Abẹ ìfárí ló fi ń ṣiṣẹ́, Abẹ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ náà nìyí. Ọpọlọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Àwọn tó ṣe é fi ọmọrí irin dé e, bí ọmọrí ìkòkò, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yíká. Tí èèyàn bá ní kí ọpọlọ yẹn sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ó máa gbóná. Tó bá gbóná jù, á kú sójú iṣẹ́. Abẹ á fi abẹ gé gọ́ọ̀mù náà, á ṣí ọmọrí, á nu ìpara gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, á wá fi síríǹjì kán irin olómi sí i. Irin olómi máa ń gbé ooru jáde kíákíá. Ara á tu ọpọlọ.

Ọ̀tá kan ṣoṣo ni irin olómi ní: alumíníọ̀mù. Nígbà kan Abẹ ṣèèṣì kán an sí alumíníọ̀mù kan tí nǹkan ti ha lára. Kò nù ún, ó relé. Nígbà tó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì, ó rún bíi bísíkíìtì inú tíì. Láti ọjọ́ náà, alumíníọ̀mù kankan kì í dé orí tábìlì rẹ̀.

Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Iwájú jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n: kọ̀ǹpútà mẹ́fà, àwọn èèyàn ń wá gbá géèmù níbẹ̀. Ẹ̀yìn jẹ́ ti Abẹ: tábìlì kan, fáìsì irin kan tó fi ń di nǹkan mú, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọn, gílóòbù kan lókè. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ló ń tì bọ abẹ́ apá láti rìn, ọ̀pá náà ló sì fi ń na àbúrò.

Bí ẹsẹ̀ náà ṣe rọ kò pamọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Abẹ nígbà tó tú rédíò bàbá wọn, ó fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mú irin. Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun tú u. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Nígbà tí irin bọ́ lé e lẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún fọ́. Abẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ bó ṣe fọ́. Kò jáde.

Ọdún mẹ́tàlélógójì nìyẹn. Kò sí oṣù tí ẹ̀gbọ́n kì í rán an létí. "Ẹsẹ̀ mi lo fi kọ́ṣẹ́," á wí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá á tẹ̀lé e.

Ooru mú lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń kú mọ́ àwọn tó ń gbá géèmù lójú. Awakọ̀ takisí kan, oníbàárà ọjọ́ pípẹ́, dìde lórí àga.

"Alàgbà, kọ̀ǹpútà yín gbóná ju ẹ́ńjìnnì mi lọ. Ṣé kí n bu omi sí i ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rín. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, kọ́, kọ́, kọ́.

"Ṣí gbogbo ọmọrí wọn."

Abẹ ṣí mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tutù dáadáa. Ó wá gbé ìkẹrin, èyí tuntun tí gbogbo èèyàn ń jà sí. Ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó ké pe ẹ̀gbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Kì í ṣe ìpara ló wà lábẹ́ ọmọrí ẹ̀. Òjé ni wọ́n yọ́, wọ́n fi jó o pọ̀. Tí mo bá fa ọmọrí, ọpọlọ á bá a wá."

"Mẹ́ta gbọ́ tìẹ, ìkẹrin lo wá ń bẹ̀rù. Ìwọ tó o tú rédíò lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án."

"Bọ̀ọ̀dá, ó máa kú."

"Tó bá kú, ọwọ́ tó pa á ni mo máa fọ́. Ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan. Ó dọ́gba."

Ó fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, ó gbé ọ̀pá sókè, ó là á mọ́ Abẹ léjìká. Èkejì bà á létí. Ẹ̀kẹta tàsé rẹ̀, ó gbá síríǹjì irin olómi lórí tábìlì. Síríǹjì fọ́. Ẹ̀kán kan ta sí àárín ọ̀pá, níbi tí ìlẹ̀kùn ti ń ha á lójoojúmọ́. Ó ń dán. Ó tẹ́ lọ bí itọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ń sun létí Abẹ, síbẹ̀ ó rí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀pá yẹn…"

"Ọ̀pá yẹn ńkọ́? Ó dùn? Ṣé kí n fi kún un?"

Abẹ pa ẹnu mọ́. "Ẹ fi aṣọ nù ún": gbogbo ohun tó kù tí ì bá sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá náà rìn jáde.

Abẹ fi fáìsì di ọpọlọ ìkẹrin mú. Ó fi ooru sí i kí òjé lè rọ̀, ó yí ọwọ́ fáìsì díẹ̀díẹ̀. Ó dún ká. Ọmọrí ṣí. Igun ọpọlọ kan lẹ̀ mọ́ ọn bí eyín tó kán. Ó fẹ́ fi abẹ ìfárí yọ ọ́, abẹ náà yọ̀, ó gé e ní ìka. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka márùn-ún, ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́, Abẹ gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, iná wà nínú ilé, kò yà. Ẹ̀kán kan ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n dé.

"O ṣí i?"

Abẹ fi ọpọlọ tó kán hàn án. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

"Gbé ọwọ́ sórí tábìlì."

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì bí ọmọ iléèwé.

Awakọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ yẹn lẹ fi ń jẹun, ẹ̀yin méjèèjì."

"Lọ gbá géèmù ẹ."

Ọ̀pá gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Àtàǹpàkò Abẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kì í ṣe egungun. Ọ̀pá ló kán ní àárín, ojú ibi tó ti kán dúdú, ó ń rún. Ìdajì fò lu ògiri. Ìdajì kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wo ìdajì náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti fi tábìlì sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógójì, ó ti ọ̀pá bọ abẹ́ apá, ó sì fara tì í. Ọ̀pá ò kanlẹ̀.

Ọwọ́ Abẹ wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí i. Ì bá na ọwọ́ náà dì í mú. Kò nawọ́.

Ẹ̀gbọ́n ṣubú, ẹnu rẹ̀ kan fáìsì. Ìgbáròkó rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ó sì dún. Abẹ mọ ìró náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti gbọ́ ọ rí.

Awakọ̀ ló fi takisí gbé wọn dé ọsibítù. Eyín mẹ́ta lọ, ìgbáròkó fọ́. Dókítà ní ó lè má rìn mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jáde lọ ra oògùn. Ó ku àwọn méjèèjì.

"Irin olómi ẹ yẹn ni?" Ẹnu ẹ̀gbọ́n wú, ọ̀rọ̀ ń fà.

"Òun ni."

"O rí i nígbà tó ta sí i?"

"Mo rí i, bọ̀ọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí àjà.

"O tún wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."



Ẹ̀gbọ́n fi ìka ti abọ́ oúnjẹ sún mọ́ ọn. "N ò lè jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́, kó má ṣòfò."

Ìrẹsì tútù àti ẹyin bíbọ̀ kan ni. Ọwọ́ òsì ni Abẹ fi jẹ ẹ́.